Ajá Tó Ń Fa Èèyàn Kiri: Kọ́là Tó Yẹ Ká Rà, àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Kó Má Fà Mọ́

Ajá kì í fa okùn nítorí pé ó fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lé ẹni tó mú un jáde lórí. Ìdí rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tiwa lọ, òórùn tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ń pè é, ó sì ti rí i pé bí òun bá ti fà, ẹni tó di okùn mú á tẹ̀ lé òun. Gbogbo ìgbà tó bá fà wá dé ìdí òpó iná tó fẹ́ gbóòórùn, a ti sanwó iṣẹ́ fún un nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí a bá fa ọrùn ajá sẹ́yìn, ara rẹ̀ á tì síwájú láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fa ajá rẹ̀ padà láti ẹnu géètì títí dé jọ́ńṣọ̀n, ìdíje okùn-fífà ló ń kọ́ ọ, ajá Boerboel oníkílò 60 ló sì máa borí.

Ìyẹn ni pé kò sí kọ́là tó ń kọ́ ajá ní ìwà. Iṣẹ́ kọ́là tàbí hánẹ́ẹ̀sì (bẹ́líìtì tí à ń wọ̀ fún ajá yí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ká) ni pé kó má já, kó má ṣe ajá léṣe, kó sì dín agbára rẹ̀ kù nígbà tí à ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ọlọ́jà tó bá ní "ẹ ṣáà fi èyí sí i lọ́rùn, ó ti parí," ìrora ló ń tà.

Ẹ wọn ajá kí ẹ tó jáde lọ rà á

Ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò. Ẹ wọn ọrùn ká níbi tí kọ́là máa ń sùn sí, kí ẹ ti ìka méjì bọ abẹ́ téèpù kí ẹ tó ka iye rẹ̀. Ẹ wá wọn àyà ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, níbi tó fẹ̀ jù. Bí kò bá sí téèpù, okùn àti rúlà á ṣe é. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, nítorí ojú lásán máa ń tanni: irun ọrùn ajá Caucasian nìkan lè fi ìwọ̀n púpọ̀ kún ohun tí ojú rí.

Ní ti fífẹ̀ kọ́là, ajá tí kò tó kílò 10 lè lo sẹ̀ǹtímítà 1.5. Láti kílò 10 sí 25, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 dára. Tó bá ti ju kílò 30 lọ, ẹ má ra èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 4, torí bẹ́líìtì tín-ín-rín lọ́rùn ńlá máa ń wọ ara.

Lọ́jà, ẹ má fi àwọ̀ yàn án. Ẹ fi èékánná tọ òrùka irin rẹ̀ yí ká. Bí èékánná bá kọ́ síbi kan, ojú ibi tí irin ti pàdé nìyẹn, wọn kò wẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọjọ́ tí Rottweiler bá rí ewúrẹ́ ni òrùka náà máa là. Ẹ yí bẹ́líìtì náà, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe rán ibi tó ti gba inú òrùka kọjá. Ìrán onígun mẹ́rin tí wọ́n fa X sí nínú ni à ń wá, kì í ṣe ìlà òwú kan ṣoṣo. Ìdè oníke ò burú fún ajá kékeré, ṣùgbọ́n ajá ńlá gbọ́dọ̀ lo ìdè onírin bíi ti bẹ́líìtì ṣòkòtò. Ìkọ́ tó wà lẹ́nu okùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ẹ tẹ sípíríǹgì rẹ̀ léraléra níbẹ̀, tó bá kọ̀ láti padà sáyè lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ti ọmọ ajá yàtọ̀. Ẹ ra olówó pọ́ọ́kú, nítorí kò ní pẹ́ kéré jù ú. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa ti ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀ wò. Kọ́là tí wọ́n gbàgbé sí ọrùn ọmọ Boerboel tó ń dàgbà lè gé awọ ara, kó wọnú ẹran, kí eṣinṣin sì wá yé síbẹ̀.

Oríṣi tó wà, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Kọ́là pẹrẹsẹ tí gbogbo ayé mọ̀ kò burú fún ajá tí kì í fà púpọ̀. Òun náà ni à ń so orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, òfin Control of Dogs Order 1992 ní kí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ni ajá wà lára kọ́là rẹ̀ bó bá wà níta gbangba, nítorí náà kọ́là á ṣì wà lọ́rùn bí hánẹ́ẹ̀sì tilẹ̀ wà lára. Ibi tí kọ́là pẹrẹsẹ ti ń ṣe jàǹbá ni ọrùn ajá tó ń fà. Ọ̀nà èémí Pomeranian, Yorkshire Terrier àti Chihuahua kò le, ó lè tẹ̀ pẹrẹsẹ. Fífún ọrùn tún máa ń mú kí omi inú ẹyinjú ru sókè, èyí tí kò dára fún ajá tí ojú rẹ̀ yọ síta bíi Lhasa.

Kọ́là tí wọ́n ń pè ní martingale ní ojú méjì, ńlá àti kékeré. Bí ajá bá fà, ojú kékeré á mú kí ti ńlá fún díẹ̀, á sì dúró síbi kan, kò ní fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tí orí rẹ̀ kéré ju ọrùn rẹ̀ lọ, tó máa ń fà sẹ́yìn tí kọ́là á fi bọ́ lórí rẹ̀, ló wà fún. Láti mọ̀ bóyá ó bá a mu, ẹ fà á kó fún tán: òrùka méjì tó wà létí ojú ńlá kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, ó yẹ kí àyè ìka méjì ṣì wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá kanra, ó ti tóbi jù. Ẹ máa bọ́ ọ kúrò tí ajá bá wọ kéèjì, kó má bàa há sí irin.

Ṣéènì tó ń fún ọrùn ló pọ̀ jù lọ́jà wa, òun náà la kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ní kí a jà á lẹ́ẹ̀kan kí a sì dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí ní àdúgbò ni ajá tó ń fà, tí ṣéènì ń fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó ń wú bíi pé ó fẹ́ bì. Kò ní ibi ìdúró. Bí a bá sì fi í sọ́rùn lódì, kì í dẹ̀ mọ́ kódà bí ajá bá ti dúró. Ajá tí wọ́n fi irú rẹ̀ so mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá lè fo ògiri kó sì pokùn so, nítorí náà bó bá wà lọ́rùn ajá yín báyìí, òní ni kí ẹ bọ́ ọ.

Kọ́là onírin ṣóṣóró àti ti oníná, tó ń fi iná mànàmáná ta ajá, kò gbà wá lákòókò. Ajá tí ọrùn ń ro nígbàkigbà tó bá rí ajá mìíràn lè gbà pé ajá ọ̀hún ló ń fa ìrora náà, ẹni tó kàn ń fa okùn tẹ́lẹ̀ á wá di ẹni tó ń fẹ́ jà. Orílẹ̀-èdè Wales ti fòfin de kọ́là oníná láti ọdún 2010.

Hánẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò dáadáa, torí oríṣi méjì ló wà, iṣẹ́ wọn sì tako ara wọn. Èyí tí òrùka rẹ̀ wà lẹ́yìn máa ń pín agbára sórí àyà, kò sì ní dun ajá rárá láti fà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ fún àwọn ajá tó ń fa ọmọlanke lórí yìnyín. Ó dára fún ajá kékeré tí a fẹ́ dáàbò bo ọrùn rẹ̀. Fún Alsatian tó ti mọ́ lára láti fà, ẹ ti fún un ní ohun èlò iṣẹ́ nìyẹn.

Èyí tí òrùka rẹ̀ wà ní àyà ni à ń wí. Bí ajá bá sáré síwájú, okùn á fa àyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yí i padà sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú, agbára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣòfò. Ẹ yan èyí tí iwájú rẹ̀ dà bí lẹ́tà Y. Èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ dábùú èjìká kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú nà dáadáa. Bẹ́líìtì abẹ́ ikùn yẹ kó jìn sí abíyá ní ìka mẹ́ta, ó kéré tán. Nínú ooru àti eruku tiwa, yanrìn máa ń há síbẹ̀ tó ń ha ara, nítorí náà bí ẹ bá ti délé, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ sì wo abíyá bóyá ó ti pọ́n.

Ìjánu ajá, irú bíi Halti àti Gentle Leader, ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹṣin, àmọ́ kò sí irin lẹ́nu rẹ̀: ibi tí orí bá yí sí ni ara ń tẹ̀ lé. Bí obìnrin oníkílò 55 bá ń mú Rottweiler jáde, kò sí ohun tó ń dín agbára kù tó o. Bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ á wà lókè pátápátá, lẹ́yìn etí, á fún débi tí ìka kan péré á fi wọlé. Èyí tó yí imú ká á sì lè rìn dé ibi tí awọ imú ti bẹ̀rẹ̀ láìbọ́. Ọ̀pọ̀ ajá kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ họ ojú. Nítorí náà, fún ọjọ́ méjì, ẹ kàn máa fún un ní ẹran láti inú ojú bẹ́líìtì imú náà, kó máa fúnra rẹ̀ ti imú bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dì í fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bó ti ń jẹun, ẹ wá mú un gùn títí á fi lè lo ìṣẹ́jú 5 nínú ilé láìhọra. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má jà á lójijì láé, kí ẹ má sì so okùn gígùn mọ́ ọn, nítorí ọrùn ló máa yí. Ajá tí imú rẹ̀ kúrú bíi Pug àti Bulldog kò lè lò ó, ó sì máa ń bọ́ lójú Boerboel míì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí á yàn fún yín: ajá ìbílẹ̀ àti Alsatian, hánẹ́ẹ̀sì olórùka àyà. Boerboel àti Caucasian, hánẹ́ẹ̀sì kan náà, pẹ̀lú okùn oníkọ̀ọ́ méjì, ọ̀kan ní àyà, èkejì ní kọ́là, kí èkejì lè dì í mú bí ọ̀kan bá já. Lhasa àti àwọn kékeré, hánẹ́ẹ̀sì rírọ̀.

Okùn àti bí a ṣe ń dì í mú

Mítà 1.5 sí 2 tó. Èyí tó kúrú jù kì í jẹ́ kí ajá mọ ìgbà tí okùn dẹ̀, torí kì í dẹ̀ rárá. Okùn inú ike tó ń gùn tó ń kúrú fúnra rẹ̀ kò wúlò fún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ó máa ń fa ajá díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ajá á sì gbà pé bí òun bá fà, ọ̀nà á gùn sí i. Okùn aláwọ dára fún ọwọ́ ju náílọ́ọ̀nù lọ.

Ẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún kọ́ ojú okùn, kí ẹ pa ìka dé e, kí ọwọ́ òsì kàn gbé e dání fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má wé e mọ́ ọrùn ọwọ́. Eegun ló máa fi ṣẹ́. Ajá á wà lápá òsì. Ní Nàìjíríà, níbi tí mọ́tò ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yẹ kó gba apá òsì títì kó lè máa rí mọ́tò tó ń bọ̀. Ajá á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹ̀yin á sì wà láàárín òun àti ọ̀kadà. Ní Ìlú Ọba, ẹ yí i padà.

Ẹ̀kọ́ náà gan-an

Ẹ se fùkù tàbí ẹ̀dọ̀ láìsí iyọ̀, máàgí, ata tàbí alùbọ́sà. Alùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ gé e kéékèèké bí hóró ẹ̀wà, kí ẹ yí i lórí páànù gbígbóná kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Nǹkan bí 60 ègé tó fún ìjáde kan. Kó má tíì jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yọ iye tó jẹ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní, nínú ilé, láìsí okùn. Ẹ sọ pé "Gbà!", kí ẹran sì dé ẹnu rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ẹ ṣe é nígbà 15, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ń wo ibòmíràn: bí orí bá yí wéré, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ọ̀rọ̀ mìíràn náà á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí gbogbo ará ilé lo ẹyọ kan, pàápàá mègádì, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé òun ló ń mú ajá jáde. Bí ẹ bá ń kọ́ ọ láàárọ̀ tí mègádì sì ń jẹ́ kó fa òun nírọ̀lẹ́, ajá á máa dán gbogbo èèyàn wò.

Ìgbésẹ̀ kejì, nínú àgbàlá, ṣì láìsí okùn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó tọ̀ kó sì yàgbẹ́. Ajá tó ti wà nínú kéèjì látàárọ̀ kò lè fetí sí ohunkóhun. Ẹ wá máa rìn kiri. Nígbàkigbà tó bá wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì yín, "Gbà!", kí ẹ fún un ní ẹran níbi tí ìrán ṣòkòtò yín wà. Ibẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń na ẹran síwájú, iwájú ló máa máa wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ so okùn mọ́ ọn, nínú àgbàlá náà. Ẹ̀san fún ìṣísẹ̀ kan, lẹ́yìn náà mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́wàá. Bó bá ṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, iye náà ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni géètì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìjáde ti ń bàjẹ́. Ẹ fọwọ́ kan irin géètì. Bó bá fò síwájú, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ má sọ̀rọ̀. Bó bá dúró tàbí jókòó, ẹ tún fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí i díẹ̀. Bó bá tì síwájú, ẹ pa á dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ èyí lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ má sì tilẹ̀ jáde rárá. Kò burú. Ajá tó fi eré gba géètì jáde á fi eré parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún, lójú títì. Ohun méjì péré ni ẹ óò máa ṣe. Bí okùn bá na tantan, ẹ dúró. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdodo, ẹ má fà á padà, ẹ má pè é. Ẹ dúró títí okùn á fi dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ló kàn yí. "Gbà!", kó wá gba ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú. Ìkejì, bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ kọjá yín, kí okùn tó le, ẹ sọ pé "Ó yá", ẹ yí padà kí ẹ gba ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Bó bá bá yín, ẹ san án. Ìdúró dára fún ajá tó ń fẹ́ dé ibì kan. Ìyípadà ló bá ajá tó kàn ń sáré mu.

Pàkúté kan wà nínú èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ajá ọlọ́gbọ́n á kọ́ ọ báyìí: fà, padà wá, jẹ ẹran, tún fà. Òun ló ti wá ń kọ́ yín nìyẹn. Ẹ má san ìpadàbọ̀ nìkan mọ́. Kó kọ́kọ́ rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹran tó jáde.

Ẹran nìkan sì kọ́ ni owó. Òpó iná tó fẹ́ gbóòórùn yẹn, ẹ lò ó. Bó bá rìn débẹ̀ pẹ̀lú okùn tó dẹ̀, ẹ sọ pé "Lọ!", kó lo ààbọ̀ ìṣẹ́jú níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí á máa gba ipò ẹran díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ ajá níṣẹ̀ẹ́ òórùn pátápátá ni ajá wọn ń fà jù.

Ní ti adìyẹ, ewúrẹ́ àti ajá ẹlòmíràn, jíjìnnà ni oògùn. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: bó bá ti le gan-an, tí etí rẹ̀ nà, tí kò gba ẹran lọ́wọ́ yín mọ́, ẹ̀kọ́ ti parí níbẹ̀, ẹ kúrò. Ẹ wá ibi tó ti lè rí ewúrẹ́ náà kó sì tún jẹun, ì báà jẹ́ mítà 30, kí ẹ máa ti ibẹ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ mìíràn. Ajá tó ń fẹ́ bunijẹ yàtọ̀ sí èyí tó ń fà. Ó nílò ìbòmú oníhò tó lè la ẹnu nínú rẹ̀, àti olùkọ́ tó mọṣẹ́.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan lọ. Ẹ jáde kí oòrùn tó mú, tàbí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, ẹsẹ̀ ajá kò lè fara dà á. Kó tó jáde rárá, ẹ rí i pé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ọjọ́ kan á wà tí ẹ kò ní ráyè dúró, bóyá ẹ ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹ so okùn mọ́ òrùka ẹ̀yìn hánẹ́ẹ̀sì bó bá ní i, kí ẹ sì fi òrùka àyà sílẹ̀ fún ìgbà tí òfin ń ṣiṣẹ́. Ajá máa ń mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kíákíá ju bí ẹ ti rò lọ.

Bó bá ń wúkọ́ gbígbẹ lẹ́yìn ìjáde, tí ohùn gbígbó rẹ̀ há, tàbí tí irun ọrùn rẹ̀ ń re, ẹ bọ́ ohun tó wà lọ́rùn náà, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko. Èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ń tọ́jú ajá.

Bó bá ti rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kúrò lórí òrùka àyà. Ẹ lo òrùka àyà lálọ, kí ẹ gbé ìkọ́ sí kọ́là pẹrẹsẹ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, torí ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà yẹn. Bí okùn bá na tantan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ẹ dá ìkọ́ padà sí àyà, kí ẹ sì tún gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.